Igi Obì Ìyá Mi àti Páúdà Tó Ń Mú Ẹ̀ka Ta Gbòǹgbò

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, tó ń ta obì àti ewébẹ̀, bá wa sọ ní ìpàdé oṣù. A tẹ̀ ẹ́ jáde nítorí àwọn tí kò ráàyè wá.)

  

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo ní kí ni èmi tí mò ń ta obì fẹ́ bá àwọn àgbà sọ? Ìyálọ́jà ní, "Ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́sí nípa igi obì ìyá rẹ, òun náà ni kí o wá sọ fún wọn." Ìdí tí mo fi dìde nìyẹn. Ẹ má retí gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu mi. Ohun tí mo fi owó ara mi kọ́ ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ̀yin má baà fi owó tiyín kọ́ ọ.

Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí rere, ní igi obì àbàtà kan lórí ilẹ̀ ẹbí wa lápá Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ta obì pẹ́ á mọ̀ pé igi obì yàtọ̀ síra wọn. Òmíràn á so lọ́dún yìí, á sinmi lọ́dún tó ń bọ̀. Òmíràn á so púpọ̀, kòkòrò á ti wọ inú rẹ̀ kí a tó bó o. Ti ìyá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Obì rẹ̀ tóbi, ó pọ́n dáadáa, aláwẹ́ mẹ́rin ló pọ̀ jù níbẹ̀, bí a bá sì fi ewé gbòdògì wé e, ó máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Àwọn tó ń ṣe ìkómọ àti ìgbéyàwó ní Láfẹ́nwá máa ń sọ fún mi ṣáájú pé kí n bá àwọn fi ti igi yẹn pamọ́. Obì yẹn ló san owó ilé ìwé mi àti ti àwọn àbúrò mi.

Lẹ́yìn tí ìyá wa lọ tán, ẹbí ta ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin náà rí bí ẹ̀síteètì ṣe ń wọ inú oko ní gbogbo apá ibẹ̀. Wọ́n ní katakata ń bọ̀ kí ọdún tó parí. Mo sunkún, mo nu ojú, mo ní kí n wá nǹkan ṣe. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n obì kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó hù nídìí ìyá rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́ ló máa rí. Bí ẹ bá gbin èso obì, ẹ ti gbin ìyá àti bàbá pọ̀ nìyẹn, ẹ ò sì mọ èwo nínú wọn ni ọmọ máa jọ. Ẹ tún lè dúró fún ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó mọ̀.

Bí mo ṣe sọ ogójì ẹ̀ka nù

Ìgbà yẹn ni ẹnì kan tó ń ta oògùn àgbẹ̀ sọ fún mi pé páúdà kan wà, igikígi tí a bá fi kàn án á ta gbòǹgbò. Ó ní bó jẹ́ igi ìgbálẹ̀ pàápàá, á hù. Mo ra agolo kan. Kò sí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ju orúkọ lọ. Mo lọ sóko, mo gé ogójì ẹ̀ka, èyí tó nípọn tó àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, mo rò pé èyí tó bá nípọn ló lágbára. Mo rì wọ́n bọnú páúdà títí wọ́n fi funfun bí ẹni tó jáde nínú ìyẹ̀fun. Mo gbìn wọ́n sí gbangba oòrùn, mò ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ lálẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo wọn fi dúdú bí èédú. Ọ̀kan ṣoṣo kò kù.

Mo gbé méjì nínú wọn lọ bá bàbá kan tó ń ta èéhù igi lẹ́bàá títì. Ó yẹ ìdí wọn wò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, igi yìí kò kú fúnra rẹ̀ o. Ẹ̀yin lẹ pa á." Ó wá fún mi ní àpótí, mo jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, àwọn ọmọ mi tó lọ sí yunifásítì sì bá mi wo ìyókù nínú ìwé.

Kí ni páúdà yìí gan-an?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara igi fúnra rẹ̀. Gbogbo ewéko ló ní ohun kan nínú oje wọn tó ń sọ fún wọn ibi tí wọ́n máa dàgbà sí. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní auxin, họ́mọ̀nù ni. Orí ẹ̀ka, níbi ọ̀mùnú àti ewé tuntun, ló ti ń wá, á sì máa ṣàn lọ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá gé ẹ̀ka, kò rí ibi lọ mọ́, á kóra jọ sí ìdí tí ẹ gé. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti máa yọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi ń sọ pé kí a má dorí igi ẹ̀gẹ́ kodò bí a bá ń gbìn ín. Wọn ò pe orúkọ auxin, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn òyìnbó ò tètè rí i. Ní ọdún 1880, Charles Darwin àti ọmọ rẹ̀ Francis kọ̀wé nípa bí ọ̀mùnú koríko ṣe ń tẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n sì rí i pé orí ọ̀mùnú ló ń mọ̀ ọ́n, tó ń ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Láàárín ọdún 1926 sí 1928, Frits Went ní ilẹ̀ Holland gba ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà jáde lára ọ̀mùnú. Ní ọdún 1934, Fritz Kögl àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rí irú rẹ̀ kan. Ẹ ò ní gbà gbọ́ ibi tí wọ́n ti rí i: nínú ìtọ̀ ènìyàn ni! (Ẹ̀rín.) Ẹ dákun, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ tọ̀ sídìí ẹ̀ka o. Iyọ̀ inú ìtọ̀ á jó o pa. Ní ọdún 1935, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Zimmerman àti Wilcoxon, fi hàn pé irú rẹ̀ méjì mìíràn, IBA àti NAA, ń mú ẹ̀ka ta gbòǹgbò dáadáa. Àwọn méjì yìí ló wà nínú ọ̀pọ̀ páúdà tí wọ́n ń tà títí dòní.

Nítorí náà, ohun tí ẹ̀ka ti ní lára tẹ́lẹ̀ ni páúdà yìí ń fi kún. Ó ń ran ẹ̀ka alààyè lọ́wọ́. Igi tó ti kú, kò lè jí i. Ẹni tó bá ní igi ìgbálẹ̀ á hù, owó yín ló fẹ́ gbà.

Èyí tí kò nílò rẹ̀, èyí tó nílò rẹ̀, èyí tí kò ní gbà á

Ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò.

Ẹ̀gẹ́, ewúro, ìtàkùn ọ̀dùnkún, àmúnútutù, ìyànà ìpájà: ẹ má fi kọ́bọ̀ yín ra páúdà fún wọn. Ẹ gé e, ẹ gbìn ín sílẹ̀ tútù, á hù. Ẹ wo àwọn igi tí àwọn bàbá wa fi ń sọgbà: akòko, pèrègún, làpálàpá, ìyeyè. Òpó lásán ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, ó di igi. Ọ̀pọ̀ igi ọdán tí a ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ tajà, bí wọ́n ṣe gbìn ín nìyẹn. Ní IITA n'Íbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, wọ́n ń gé ìtàkùn iṣu, wọ́n ń jẹ́ kó ta gbòǹgbò, kí wọ́n má baà fi gbogbo iṣu ṣe èèbù.

Èyí tó nílò ìrànlọ́wọ́ ni àwọn igi tó le, tó ń lọ́ra. Obì wà lára wọn. Àwọn òdòdó tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé, bí bougainvillea àti ixora, náà máa ń jàǹfààní rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò òdòdó ẹ gbọ́ o. CRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní ọ̀nà Ìdí-Ayunrẹ́ n'Íbàdàn láti ọdún 1964, ń ṣèwádìí obì pẹ̀lú kòkó, kọfí, kajú àti tíì.

Èyí tí kò ní gbà á rárá ni ọ̀pẹ àti àgbọn. Ara wọn ò rí bíi ti igi yòókù, wọn ò lẹ́ka tí a lè gé gbìn. Bí ẹnikẹ́ni bá ta páúdà fún yín pé kí ẹ fi hu ọ̀pẹ, ẹ gbé agolo rẹ̀ fún un.

Bí a ṣe ń ṣe é

Èkínní, ẹ̀ka ọ̀dọ́ ni kí ẹ gé. Igi tó ti dàgbà, ẹ̀ka rẹ̀ náà ti dàgbà, kì í fẹ́ ta gbòǹgbò mọ́. Èyí tó hù jáde lára kùkùté ló dára jù. Kó má rọ̀ jù, kó má sì le jù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kó tẹ̀ díẹ̀ kó tó fẹ́ kán.

Èkejì, àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ gé e, nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ lo abẹ tó mú, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ẹ gé e sí abẹ́ oríkèé. Ẹ dì í sínú àpò tó tutù títí ẹ ó fi délé.

Ẹ̀kẹta, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ dànù, ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lókè, kí ẹ sì gé ìdajì ewé náà kúrò. Bí ewé bá pọ̀, omi inú ẹ̀ka á gbẹ. Bí ẹ bá já gbogbo rẹ̀ tán, kò ní rí oúnjẹ jẹ.

Ẹ̀kẹrin ni páúdà. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára agolo. 0.1 wà fún ẹ̀ka tó rọ̀, 0.3 fún èyí tó wà láàárín, 0.8 fún èyí tó le. Ẹ da ìwọ̀n tí ẹ máa lò sínú ọmọrí, ẹ má ki ẹ̀ka tútù bọnú agolo, ó máa bà á jẹ́. Ẹ kan ìdí ẹ̀ka mọ́ ọn, ẹ gbọ̀n ọ́n kí èyí tó pọ̀ jù bọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò sínú iyanrìn kí ẹ tó ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá kàn tì í wọlé, iyanrìn á nu páúdà dànù.

Ìkarùn-ún, iyanrìn odò tí ẹ fọ̀ mọ́ ni kí ẹ lò. Tiwa kò jìnnà, odò Ògùn wà nítòsí. Ilẹ̀ oko ní ìdọ̀tí tó ń mú ìdí ẹ̀ka jẹrà.

Ìkẹfà, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gara bò ó, kí ẹ sì gbé e sábẹ́ ìbòòji. Ẹ̀ka tí kò ní gbòǹgbò kò lè mu omi bó ṣe yẹ, inú afẹ́fẹ́ tó tutù ló gbọ́dọ̀ wà. Àpótí kan wà tí bàbá yẹn kọ́ mi: ẹ fi ọ̀rá tẹ́ inú àpótí pákó, ẹ da òkúta sísàlẹ̀, ẹ da omi sí i, ẹ wá da iyanrìn lé òkúta lórí, kí omi má bo iyanrìn, kí ẹ sì fi ọ̀rá bo òkè. Kò gba iná mànàmáná, kò gba ẹ̀rọ. Roger Leakey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa irú àpótí yìí ní ọdún 1990, àpótí yìí sì ni àwọn ará Limbe ní Cameroon fi ń hu ewé tí àwọn Ìbò ń pè ní okazi, nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń tán lọ nínú igbó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ewé yẹn mọ bó ṣe wọ́n.

Ìkeje ni sùúrù. Ẹ má fa ẹ̀ka yọ wò. Òdòdó lè gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Obì á gba oṣù.

Àṣejù ní í ba oògùn jẹ́

Ohun tó pa ogójì ẹ̀ka mi nìyí. Bí páúdà bá pọ̀ jù, jíjó ló ń jó ìdí ẹ̀ka. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra oògùn apakoríko tí wọ́n kọ 2,4-D sí lára, ìbátan auxin ni o. Láàárín ọdún 1940 sí 1949 ni wọ́n rí i pé bí irú rẹ̀ bá pọ̀ lára koríko, koríko á dàgbà gbòdì, á sì kú. Ohun tó ń fún ni ní gbòǹgbò bó bá kéré, òun náà ló ń pani bó bá pọ̀.

Ẹ wo ara agolo kí ẹ tó sanwó. Kí orúkọ ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀, kí nọ́ńbà wà níbẹ̀, kí ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà níbẹ̀. Èyí tó ti jókòó sínú oòrùn lórí àtẹ fún oṣù púpọ̀, agbára rẹ̀ ti dín kù. Ibi tó tutù tó ṣókùnkùn ni kí ẹ fi tiyín sí, kí ọwọ́ ọmọdé má tó o. Ẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ́n ọn sára ẹ̀fọ́ tí ẹ fẹ́ tà pé kó má rọ. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnu àwọn oníbàárà wa ni ẹ̀fọ́ yẹn ń lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ igi ìyá mi parí sí

Lẹ́yìn tí mo gbọ́ gbogbo èyí, mo padà sóko, mo ní kí wọ́n gé igi ìyá mi ní ìwọ̀n orúnkún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ṣé orí mi pé báyìí? Ó ní katakata ò tíì dé, èmi ti fọwọ́ ara mi gé e. Mi ò dá a lóhùn. Nígbà tí òjò rọ̀, kùkùté yọ ọ̀mùnú. Mo gé ọgbọ̀n nínú rẹ̀. Páúdà tó ní nọ́ńbà lára ni mo rà lọ́tẹ̀ yìí, mo fi díẹ̀ kàn wọ́n, mo tọ́jú wọn sínú àpótí olómi ní ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, mọ́kànlá ti ta gbòǹgbò. Méjì kú nígbà tí mo ṣí wọn nípò. Ewúrẹ́ jẹ méjì. Méje ló kù. Katakata dé ní oṣù kẹwàá, ó hú kùkùté náà kúrò nílẹ̀ lójú mi. Mi ò sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá elééhù tún sọ ohun kan fún mi. Ó ní, "Màmá, méjèèje yìí, igi kan ṣoṣo ni wọ́n. Obì kì í fẹ́ gba ara rẹ̀ láti so. Ẹ wá igi ẹlòmíràn sí àárín wọn." Mo tọrọ ẹ̀ka lọ́wọ́ ìyá kan tí oko wọn wà létí ti àbúrò mi ní ọ̀nà Ọ̀pẹ́jì, mo hu méjì níbẹ̀, mo gbìn wọ́n pọ̀ mọ́ tiwa. Ní ọdún karùn-ún, igi méjì nínú méje so.

Ẹ̀yin ìyá mi, mo ní ohun méjì láti bẹ̀ yín. Èkínní: bí igi rere kan bá wà lóko ẹbí yín, ẹ má dúró di ọjọ́ tí katakata bá dé. Kùkùté ti ìyá mi ló gbà mí. Bó bá jẹ́ pé mo pẹ́ ní oṣù díẹ̀ sí i, páúdà gbogbo ayé kò bá tí ràn mí lọ́wọ́. Èkejì: agolo kékeré kan á tó ọ̀pọ̀ ẹ̀ka. Kò sí ìdí tí olúkúlùkù fi máa ra tirẹ̀. Kí ẹgbẹ́ ra ẹyọ kan tó dára, kí a fi í sọ́wọ́ akápò, kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó wá bù ú. Kí a sì máa fún ara wa ní ẹ̀ka, nítorí obì kì í dá so.

Èyí tó wà nínú àwo yìí, lára àwọn igi méjì yẹn ni mo ti ká a. Mo ti pa á, aláwẹ́ mẹ́rin ni. Ẹ bá mi pín in kiri. Bí ẹ bá jẹ ẹ́, obì ìyá mi lẹ jẹ yẹn.